Sípíà tí mo gbójú lé, òun náà ti sọ̀

Mo ṣèlérí fún yín pé ọ̀rọ̀ gàrí ni màá tún kọ tí mo bá padà dé, ẹ má bínú, gàrí wà nínú èyí náà dáadáa, àpò 22, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ táyà ló délẹ̀ lónìí. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá tí mo ti gbé fọ́tò mọ́tò mi sí sítátọ́ọ̀sì pẹ̀lú àpò gàrí nínú koríko lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ni gbogbo yín ti ń bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀, ṣé olè ni, ṣé mọ́tò ṣubú ni. Kò ṣubú o, Ọlọ́run ló bá mi ṣe é. Táyà ló bẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ mọ́tò mi, Hilux ni, èyí tí iwájú ẹ̀ kúrú tí ẹ̀yìn ẹ̀ gùn, tòkunbọ̀ ni mo rà á. Nígbà tí mo rà á ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin fi Ìjẹ̀bú bú mi débi tí mo fi rẹ́rìn-ín, ó ní kí ni obìnrin fẹ́ fi píkọ́ọ̀pù ṣe, mo ní owó tí mò ń kó fún àwọn onímọ́tò láti Ìjẹ̀bú-Igbó dé Mile 12 lọ́sẹ̀ méjì méjì ni mo fẹ́ máa fi sápò ara mi. Mo sì ń fi sápò lóòótọ́. Ohun tí mi ò ṣírò mọ́ ọn ni pé nígbà tó jẹ́ mọ́tò olówó ni mò ń wọ̀, táyà bá jò, èmi jókòó sábẹ́ igi ni, mo ń jẹ ẹ̀pà, ẹlòmíì ló ń làágùn. Ní báyìí èmi ni ẹlòmíì yẹn.

Ọjọ́bọ̀ ni. A kó ẹrù ní Òkè-Àgbò nídàájí, àpò 22, àpò kọ̀ọ̀kan tó bíi kílò 50, ẹ ṣírò ẹ̀ wò, ìyẹn ti di 1,100, a ò tíì ka èmi tí mi ò kéré, a ò tíì ka ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́. Irú mọ́tò yìí, tọ́ọ̀nù kan báyìí ló mọ ẹrù ẹ̀ sí. Mo mọ̀. Ẹ̀yin náà tí ẹ ń kó ẹrù, ẹ mọ̀. Àpò méjì tó gùn lé e yẹn, ìyá kan ló bẹ̀ mí pé kí n bá òun gbé e, mo ní kò burú. A gba Orù, a já sí Mobalufọ́n, a bọ́ sórí ẹ́sípíréèsì tó lọ sí Ṣágámù, ọ̀nà dá, oòrùn ti ń mú, mo sì ń sáré díẹ̀ torí mo fẹ́ débẹ̀ kí ọjà tó kún.

A ti kọjá Odògbolú, a ò tíì dé ibi tí wọ́n ti ń yà sí apá Ìkẹ́nnẹ́, ni mo gbọ́ gbàù! Mo kọ́kọ́ rò pé ìbọn ni. Kí n tó mí, ìdí mọ́tò ti ń jó, ó ń jù sọ́tùn-ún ó ń jù sósì bí ìdí alágbe tó rí owó, ọmọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ti pariwo Jésù, mùsùlùmí ni o.

Ẹsẹ̀ mi ti ń lọ sórí bíréèkì. Ohun tó dá a dúró ni ohùn bàbá mi. Bàbá mi wa bọ́ọ̀sì Ìjẹ̀bú sí Èkó títí ojú ẹ̀ fi ń ṣe bàìbàì, ó sì máa ń sọ ọ́ fún wa lórí oúnjẹ, bí ẹlòmíì ṣe ń sọ ìtàn ìjàpá, pé táyà bá bẹ́, gbàgbé pé o ní bíréèkì. Tí ẹ bá tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ lójijì lásìkò yẹn, mọ́tò á fẹ́ yí dà síbi táyà tó bẹ́ wà, pàápàá tí ẹrù bá wà lẹ́yìn. Ọwọ́ méjèèjì lẹ máa fi di sítíárìn mú gírígírí, ẹ má jẹ́ kó gbà á lọ́wọ́ yín, ẹ má sì fà á wálẹ̀ lójijì láti bá a jà, ẹ kàn rọra yọ ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, èyí tí à ń tẹ̀ kí mọ́tò sáré, kí eré máa kú fúnra ẹ̀, tó bá ti rọlẹ̀ dáadáa tó ń rìn bí ẹni tó ń lọ wẹ̀ lódò, ẹ wá rọra fọwọ́ kan bíréèkì, kẹ́ ẹ sì darí ẹ̀ kúrò lórí ọ̀dà. Bí mo ṣe ṣe é nìyẹn, ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n jìnnìjìnnì.

Ibi tí mo ti fẹ́ ṣàṣìṣe nìyí. Ibi tó kọ́kọ́ rọlẹ̀ sí, ojú kọ́nà ni, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ò ní rí wa àfi tó bá ti dé orí wa. Ọmọ yẹn ní ká dúró, pé ríìmù á bàjẹ́. Mo ní jẹ́ kó bàjẹ́. Mo tan tíráfíkétọ̀ méjèèjì, mo ń wọ́ ọ lọ ṣẹ́ẹ́ṣẹ́ẹ́ lórí táyà tó ti fà ya títí a fi dé ibi tí ọ̀nà ti tọ́, tí ẹ̀gbẹ́ títì fẹ̀ tí ilẹ̀ ibẹ̀ sì le. Ríìmù yẹn tẹ̀ díẹ̀ lóòótọ́, wọ́n lù ú padà. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń páàkì sórí ọ̀dà gan-an tí ẹ wá dọ̀bálẹ̀ sábẹ́ mọ́tò tí ẹsẹ̀ yín yọ síta, tírélà sì ń kọjá lẹ́bàá àtẹ́lẹsẹ̀ yín, kí Ògún má ṣe fẹ̀jẹ̀ wa wẹ̀ o, ẹ dẹ́kun ẹ̀.

C-caution mi, onígun mẹ́ta pupa tí à ń gbé sẹ́yìn mọ́tò tó bá bàjẹ́, wà ńbẹ̀. Abẹ́ àpò gàrí ló wà. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo rà á nítorí àwọn Road Safety, mo jù ú sẹ́yìn, a wá to àpò 22 lé e lórí, bí mo bá fẹ́ yọ ọ́ àfi kí n kọ́kọ́ já gbogbo ẹrù. Ni ọmọ yẹn bá sáré wọ igbó, ó ṣẹ́ ẹ̀ka igi tútù bíi mẹ́rin, mo ní kó má kó o sí ìdí mọ́tò bí àwọn kan ṣe ń ṣe, nítorí ìgbà tí ẹni tó ń bọ̀ bá fi máa rí ewé, ó ti rí bọ́ńpà pẹ̀lú ẹ̀ náà nìyẹn. Ó kéré tán ìṣísẹ̀ 50 sẹ́yìn, lórí ẹ́sípíréèsì mo ní kó jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó máa to wọ́n bọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tẹ́ ẹ bá sì ṣe tán, ẹ jọ̀ọ́ ẹ kó ewé yín kúrò. Àìmọye ìgbà ni mo ti rọra tẹ bíréèkì nítorí ewé tó ti gbẹ tí kò sí mọ́tò kankan níwájú ẹ̀.

Ó wá kan sípíà, táyà àfipamọ́ tí à ń gbé kiri.

Sípíà Hilux ò sí nínú bùtù bíi ti kọ́rọ̀là, abẹ́ mọ́tò lẹ́yìn ló ń rọ̀ sí, ṣéènì kan ló gbé e dání. Ihò kékeré kan wà lókè bọ́ńpà ẹ̀yìn, irin gígùn kan tó wá pẹ̀lú jáàkì lẹ máa tì bọ inú ihò yẹn títí á fi wọ ibi tó ń wọ̀, ẹ wá máa yí i, táyà á máa sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí garawa nínú kànga. Irin yẹn, ẹ wá a nísinsìnyí tẹ́ ẹ ń ka èyí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ra tòkunbọ̀. Ọ̀pọ̀ irú mọ́tò wọ̀nyẹn, wọ́n ti yọ irin yẹn lọ kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Tèmi wà lẹ́yìn síìtì, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ yẹn tì í bọ̀ ọ́ tó fẹ́ yí i, kò yí. Ọdún méjì gbáko tí mo ti ra mọ́tò yìí mi ò sọ táyà yẹn kalẹ̀ rí, gbogbo ẹrẹ̀ ọ̀nà Àgọ́-Ìwòyè, gbogbo omi òjò, gbogbo iyẹ̀pẹ̀ pupa wa yìí, inú ibẹ̀ ló ń lọ, ó ti dípẹtà. Ọmọ yẹn yí i títí iṣan ọrùn ẹ̀ fi yọ. Èmi náà yí i. Kò dáhùn.

A ti wà ńbẹ̀ bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí dírẹ́bà tírélà kan tó ń bọ̀ láti Ọ̀rẹ̀ tó dúró. Ó ní, “Ẹ kú ewu o Mọ̀mí, kí ló ṣe é?” Mo ṣàlàyé. Ó wo ihò yẹn, ó wo mi, ó ní ìgbà wo lẹ sọ ọ́ kẹ́yìn, mo dákẹ́. Ó rẹ́rìn-ín. Ó lọ mú ike ọ́ìlì kan àti ọ̀pá páìpù bọ̀, ó da ọ́ìlì díẹ̀ sí i, ó ní ká fi í sílẹ̀ kó mu, ó wá ń fi hámà kan irin yẹn kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, kì í ṣe pé ó ń gbá a o, ó ń kàn án bí ìgbà tí wọ́n ń kanlẹ̀kùn onígbèsè. Lẹ́yìn náà ó fi páìpù gùn ún lọ́wọ́, ó yí i lẹ́ẹ̀kan báyìí, ó dún kẹ̀ẹ̀ẹ́, ó gbà.

Táyà sọ̀ kalẹ̀. Gbogbo wa wò ó. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ sórí koríko bí àmàlà. Kò sí afẹ́fẹ́ kankan nínú ẹ̀.

Mo fẹ́ sunkún, ojú ń tì mí ni ò jẹ́ kí n sun ún. Dírẹ́bà yẹn ò tiẹ̀ bú mi, ó kàn ní sípíà máa ń jò díẹ̀díẹ̀ bí gbogbo táyà ṣe ń jò, pé ti ilẹ̀ lẹ máa ń rí, ti abẹ́ yẹn lẹ ò ní rí. A dá ọ̀kadà dúró, ọmọ yẹn gbé táyà sórí ẹ̀, ó di Odògbolú lọ́dọ̀ fọganáísà. Dírẹ́bà náà ní òun ò ní kúrò títí yóò fi dé. Mi ò mọ orúkọ ẹ̀ dòní, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí táyà tiẹ̀ bẹ́.

Nígbà tí à ń dúró dè é, ó ní ká já àpò díẹ̀ sílẹ̀, pé jáàkì kékeré yẹn ò lè gbé mọ́tò pẹ̀lú gbogbo ẹrù yìí láìyẹ̀. Òótọ́ ni. A tẹ́ tapólì sórí koríko, a já àpò 12, ìyẹn ni fọ́tò tí ẹ rí. C-caution mi náà jáde nígbà yẹn, mo gbé e lọ síbi tó yẹ kó wà láti àárọ̀. Ìyá kan wá ti inú igbó yọ, oko ló ti ń bọ̀ pẹ̀lú agbọ̀n lórí, ó dúró, ó ki ọwọ́ bọ inú àpò kan tí ẹnu ẹ̀ tú díẹ̀, ó bu gàrí sẹ́nu, ó jẹ ẹ́ wọ́ùwọ́ù, ó ní “Ó kan dáadáa o. Èló ni kóńgò?” Mo ní Ìyá, táyà ló bẹ́, kì í ṣe ọjà ni mò ń ná. Ó ní òun ò bèèrè táyà, gàrí lòun bèèrè. Dírẹ́bà tírélà náà wá ní òun náà fẹ́ kóńgò mẹ́wàá tó bá jẹ́ Ìjẹ̀bú gidi. Báyìí ni mo ṣe ń ta gàrí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́sípíréèsì, n ò ní kóńgò lọ́wọ́, agolo mílíìkì la fi wọ̀n ọ́n, mo rò pé wọ́n rẹ́ mi jẹ ṣá.

Bí táyà ṣe dé, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, mo sì ṣe é fúnra mi, mo ní kí dírẹ́bà yẹn kàn máa wò mí, torí mo fẹ́ mọ̀ ọ́n débi tí mi ò ní nílò rẹ̀ lọ́jọ́ mìíì. Àwọn ohun tó tún mi ṣe lẹ́nu iṣẹ́ yẹn ni mo fẹ́ sọ dáadáa.

Àkọ́kọ́, òkúta. Mo ti fa háńdì bíréèkì, mo ti fi mọ́tò sí jíà kìíní, mo rò pé ó tán. Ó ní rárá. Mọ́tò tèmi, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnì ń yí, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn náà ni háńdì bíréèkì ń dì mú. Tí ẹ bá ti gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan kúrò nílẹ̀, jíà ò di nǹkan kan mú mọ́, torí ẹsẹ̀ tó wà lókè lè máa yí lásán kí mọ́tò máa lọ, ó wá ku háńdì bíréèkì nìkan lórí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, ẹ̀yin ẹ wo háńdì bíréèkì tòkunbọ̀ kẹ́ ẹ sọ fún mi bóyá ẹ lè fi ẹ̀mí yín lé e lọ́wọ́. Nítorí náà òkúta ńlá tàbí igi là ń fi há àwọn ẹsẹ̀ iwájú, níwájú àti lẹ́yìn wọn. Mi ò mọ èyí tẹ́lẹ̀ rárá, gbogbo ìgbà tí mo ti rí wọn tí wọ́n ń ki òkúta mo rò pé àṣà lásán ni.

Ìkejì, nọ́ọ̀tì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ẹ tú wọn dẹ̀ kí ẹ tó fi jáàkì gbé e. Ẹ ò ní tú wọn kúrò, ẹ kàn máa dẹ̀ wọ́n, ìdajì yíyí ti tó. Tí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ sókè tán kí ẹ tó máa jà pẹ̀lú nọ́ọ̀tì tó le, ẹsẹ̀ á máa bá yín yí, ẹ á máa mi mọ́tò lórí jáàkì, ẹ wo ewu. Òsì là ń yí nọ́ọ̀tì sí tá a bá fẹ́ tú u. Èmi obìnrin tí apá mi ò lágbára tó ti ọkùnrin, ọgbọ́n tí mo lò ni pé mo fi sípánà sí i kí ọwọ́ ẹ̀ na gbọọrọ sápá òsì, mo wá fi ẹsẹ̀ gun orí ẹ̀, mo di ẹ̀gbẹ́ mọ́tò mú, mo fi gbogbo ìwúwo mi lé e. Ọlọ́run ò fún mi ní ara yìí lásán. Ó dún kà! Ẹyọ kan ṣoṣo ló gba páìpù.

Ìkẹta, ibi tí jáàkì ń wọ̀. Hilux, sípíríǹgì pẹlẹbẹ ló wà lẹ́yìn ẹ̀, àwọn irin tí wọ́n tò léra bí ewé, tẹ́ ẹ bá fi jáàkì sábẹ́ ṣásì, irin ńlá tó gbé ara mọ́tò dúró, ara mọ́tò á máa gòkè, gòkè, gòkè, ẹsẹ̀ ṣì máa wà nílẹ̀. Abẹ́ ákísù ni, irin gbọọrọ tó so ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀, kẹ́ ẹ sún mọ́ ẹsẹ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ yọ, ẹ má sì fi sábẹ́ bọ́ọ̀lù ńlá tó wà láàárín ẹ̀ yẹn. Tó bá jẹ́ iwájú ni táyà ti bẹ́, ibẹ̀ yàtọ̀, abẹ́ ṣásì ni, ìwé mọ́tò máa ń ya àwòrán ẹ̀. Tí ilẹ̀ bá rọ̀, pákó pẹlẹbẹ kan lábẹ́ jáàkì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ jáàkì ni yóò máa wọlẹ̀, mọ́tò ò ní gòkè. Mo ní pákó kan báyìí, pákó tí mo fi ń gé ẹran ni tẹ́lẹ̀, ó ti kúrò nílé ìdáná.

Kí n tó fa táyà tó bẹ́ yọ, dírẹ́bà yẹn ní kí n ti sípíà bọ abẹ́ mọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ jáàkì, kó sùn síbẹ̀. Mo ní kí ló dé. Ó ní tí jáàkì bá yẹ̀, orí táyà ni ara mọ́tò á bọ́ sí, kò ní bọ́ sí orí ẹsẹ̀ yín. Tí ẹ bá yọ èyí tó bẹ́ tán, ẹ pààrọ̀ wọn, òkú táyà ló máa wá sùn síbẹ̀. Ẹ wo bó ṣe rọrùn tó, kò ná wa ní kọ́bọ̀, ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì tí mo ti rí ò sì ṣe é. Ẹ má wọ abẹ́ mọ́tò tó wà lórí jáàkì nìkan láéláé, kódà tí nọ́ọ̀tì kan bá yí bọ́ sábẹ́ ẹ̀, ẹ fi igi wọ́ ọ jáde.

Ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ti fẹ́ fi gíríìsì pa ara ibi tí nọ́ọ̀tì ń wọ̀, ó ní kó lè rọrùn lọ́jọ́ mìíì. Dírẹ́bà yẹn lu ọwọ́ ẹ̀. Gíríìsì máa ń jẹ́ kí nọ́ọ̀tì yọ̀, ẹ á fún un ju bó ṣe yẹ lọ láìmọ̀. Ẹ kàn nù ún kí iyẹ̀pẹ̀ kúrò. Ojú tó ṣe ṣónṣó lára nọ́ọ̀tì ló ń kọjú sí ríìmù tó bá jẹ́ ríìmù irin, ọwọ́ lásán lẹ ó kọ́kọ́ fi wé gbogbo wọn títí wọ́n á fi jókòó, ẹ wá fi sípánà mú wọn díẹ̀, ẹ sọ mọ́tò kalẹ̀, ẹ̀yìn ìgbà tó bá ti dúró lórí ẹsẹ̀ ẹ̀ lẹ máa wá fún wọn ní àfúngbà. Ẹ má sì máa lọ yípo bí ẹni tó ń jó lágbo. Ẹ fún ọ̀kan, ẹ bọ́ sí èyí tó kọjú sí i, ẹ padà wá, kí ríìmù lè jókòó dọ́gba. Tẹ́ ẹ bá rìn díẹ̀, ká ní láti ibẹ̀ dé Ṣágámù, ẹ dúró, ẹ tún fún wọn. Mo dúró ní Ṣágámù lóòótọ́, méjì nínú mẹ́fà yí sí i díẹ̀.

Fọganáísà ni mo lọ bá nígbà tí mo ń padà bọ̀, mo gbé òkú táyà fún un, mo ní kó sọ fún mi ohun tó pa á. Bàbá àgbà ni, ó jókòó sórí táyà tírélà bí ọba, ó yí i wò. Ó ní kì í ṣe ìṣó. Ó fi ìka tọ inú ẹ̀gbẹ́ táyà yẹn, gbogbo ibẹ̀ ti jó, ó ti ń ya bí aṣọ àtijọ́. Ó ní afẹ́fẹ́ ò tó, ẹrù pọ̀, oòrùn wà, eré wà, ẹ̀gbẹ́ táyà á máa tẹ̀ á máa tú, á máa tẹ̀ á máa tú, ìyẹn ló ń gbóná títí á fi fà ya. Ó wá fi géèjì tí wọ́n fi ń wọn afẹ́fẹ́ sí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kejì tí kò bẹ́. PSI 24. Ó wo mi. Pẹ̀lú tọ́ọ̀nù kan lórí ẹ̀! Ó ní iye tó yẹ kó wà níbẹ̀, wọ́n kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn dírẹ́bà, sítíkà kan báyìí, ti ìgbà tí ẹrù ò sí àti ti ìgbà tí ẹrù bá wà máa ń yàtọ̀, ẹ̀yìn ló máa ń pọ̀ jù. Mo lọ ṣí ilẹ̀kùn mi, ó wà ńbẹ̀ lóòótọ́, ọdún méjì ni mo ti ń fi ìdí nù ún. Ó ní iye tí wọ́n kọ sára táyà fúnra ẹ̀, ibi tí kò gbọdọ̀ kọjá ni ìyẹn, kì í ṣe iye tẹ́ ẹ máa fún un. Ẹ sì máa wọ̀n ọ́n láàárọ̀ kí mọ́tò tó rìn, torí táyà tó bá ti gbóná máa ń ka iye tó pọ̀ ju òótọ́ lọ, ẹni tó bá rí i tó wá sọ afẹ́fẹ́ jáde, ó ti sọ èyí tó yẹ kó wà.

Ìgbà náà ló fi nọ́ńbà mẹ́rin kan hàn mí lára táyà, níparí ìlà tó fi lẹ́tà DOT bẹ̀rẹ̀, wọ́n wà nínú àpótí kékeré kan. Tèmi kà 3114. Ó ní ìyẹn ni pé ọ̀sẹ̀ 31 ọdún 2014 ni wọ́n ṣe é. Mo ní haa, nígbà tí mo rà á ó dúdú, ó ń dán. Ó ní wọ́n fi nǹkan pa á ni. Àwọn tòkunbọ̀ yìí, eyín wọn lè ṣì ga kí rọ́bà ti kú. Àwọn tí eyín wọn bá ti jẹ dé ojú àwọn ìlà kékeré tó dábùú inú kòtò táyà, ìyẹn tó jẹ́ mílímítà 1.6, wọ́n ti di ohun tí à ń fi gbin ewébẹ̀. Bàbá náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìgbà tí Michelin ṣì wà ní Port Harcourt tí Dunlop ṣì wà ní Ìkẹjà, tí wọ́n ń ṣe táyà tuntun nílẹ̀ yìí. Michelin ti ilé iṣẹ́ pa ní 2007, Dunlop náà ò ṣe táyà mọ́ ní Ìkẹjà lẹ́yìn 2008, ó ní àtìgbà náà ni gbogbo wa ti ń ra èyí tí òyìnbó jù nù. Mo ra tuntun méjì fún ẹ̀yìn. Owó ẹ̀, ẹ má bi mí.

Ẹ̀rù ọjọ́ yẹn ló jẹ́ kí n ní ètò báyìí, kì í ṣe pé mo gbọ́n. Ọjọ́ Sátidé tó bá gbẹ̀yìn oṣù tí gbogbo ayé ń ṣe ìmọ́tótó tí kò síbi téèyàn lè lọ, mọ́tò ni mo máa ń jókòó tì. Mo máa ń sọ sípíà kalẹ̀, mo wọ̀n ọ́n, mo fún un, mo fi ọ́ìlì díẹ̀ sí ẹ̀rọ tó ń sọ ọ́, mo yí i padà sókè, gbogbo ẹ̀ ò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnì, ilẹ̀ tó tẹ́jú ni kẹ́ ẹ ti wò ó, kí ẹ́ńjìnì ti dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ẹ fa ọ̀pá ẹ̀ yọ, ẹ nù ún, ẹ tì í bọ̀ ọ́ padà kẹ́ ẹ tó wá kà á. Fáàn bẹ́ẹ̀tì, ẹ yẹ inú ẹ̀ wò bóyá ó ti ń là. Orí bátìrì tó bá ti hu nǹkan funfun, ẹ tú u, omi gbígbóná ló ń fọ̀ ọ́. Ìwọ̀nyí ò le.

Ti rédíétọ̀ nìkan ni màá sọ̀rọ̀ lé lórí sí i. Bàbá mi ní àpá kan láti ọrùn ọwọ́ títí dé ìgúnpá, ara ibẹ̀ ń dán bí awọ ìlù. Mọ́tò ló hó lójú ọ̀nà Mámù, àwọn èrò ń pariwo pé ọjà ti ń tú, ó fi àkísà di orí rédíétọ̀ mú, ó ṣí i. Omi inú ẹ̀ ò sí lórí iná mọ́ ṣùgbọ́n ó ṣì gbóná, ooru sì ń tì í láti inú, bí ìdérí ṣe yẹ̀ báyìí ló tú jáde. Tí mọ́tò bá hó, ẹ pa á, ẹ gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì sókè, ẹ lọ jókòó. Ìdajì wákàtí, kó tiẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ń kánjú kó wọ ọ̀kadà.

Ohun tó wà lẹ́yìn síìtì mi báyìí: jáàkì, sípánà, páìpù tí mo gé tó gùn tó apá mi, pákó pẹlẹbẹ yẹn, òkúta méjì (òkúta o, mo ń gbé òkúta kiri Ìjẹ̀bú), géèjì kékeré, páńpù tó ń lo iná mọ́tò, tọ́ọ̀ṣì, ìbọ̀wọ́, omi jálá mẹ́rin, wrapper àtijọ́ kan tí mo lè dọ̀bálẹ̀ lé. C-caution náà wà ńbẹ̀, lókè pátápátá. Àpò ẹrù ti di 18, ìyá tó máa ń bẹ̀ mí pé kí n bá òun gbé méjì ń bínú sí mi, ó ní mo ti ń ṣe bí olówó. Ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ náà ti di ọ̀gá, ó ti yọ táyà fún aládùúgbò wa kan ní Oríwù, ó gba owó, kò fún mi níbẹ̀.

Ìyá tó jẹ gàrí lọ́jọ́ náà gba nọ́ńbà mi kó tó lọ. Ó pè mí lánàá, ó ní gàrí yẹn ti tán, pé òun àti àwọn aládùúgbò òun ń fẹ́ kóńgò ogún. Mo ní Mọ̀mí, mi ò kì í dúró lójú ọ̀nà ibẹ̀ o. Ó ní ó dáa, ìgbà wo ni táyà máa tún bẹ́?